Práímà àti ẹ̀tù: bí ẹ ṣe máa yàn án tí ẹ bá fẹ́ máa tún ọta ìbọn ìléwọ́ yín dì nílé

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Dallas pè mí láàárọ̀ Sátidé, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di ọta o, mo ti ṣa kòròfo ọta tí wọ́n ti yìn jọ, mo ti ra orí ọta, ó ku práímà àti ẹ̀tù, èwo ni kí n rà?" Mo ní ìbọn wo lo fẹ́ lò ó fún. Ó ní "ìbọn ìléwọ́ ni." Ẹ wò ó, ó dà bí ẹni tó dé Ládípọ̀ tó ní òun fẹ́ ra plọ́ọ̀gì, wọ́n ní mọ́tò wo, ó ní mọ́tò tó ń rìn ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ mo rántí pé bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èyí tí mo bá lórí káńtà ni mo rà, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó bá tún bi mí, ibí ni mo máa ní kó wá kà.

Amẹ́ríkà ni mo wà, Amẹ́ríkà ni mo ń sọ o. Níbí, ẹni tó ń di ọta fún ara ẹ̀ nìkan ò nílò láísẹ́ẹ̀sì ìjọba àpapọ̀, àmọ́ ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì í tà, ọ̀rọ̀ ti yí padà, ó ti di iṣẹ́ tó ń gba láísẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà ẹ má dán an wò rárá, òfin ò fàyè gbà á. Ẹ̀yin ará London náà, wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ aráàlú láti 1997. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò mọ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ka práímà àti ẹ̀tù mọ́ ọta fúnra ẹ̀. Tó o bá wà níbí lórí fíìsà ilé-ìwé tàbí fíìsà àbẹ̀wò, o ò gbọdọ̀ ní in lọ́wọ́ àfi tó o bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ẹni tó ní láísẹ́ẹ̀sì ọdẹ. Ẹni tó ní green card kò sí nínú ìyẹn. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ẹ ti gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi jà lọ́la.

Ó yá. Bàbá bàbá mi ọdẹ ni, ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n ń lò, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n máa ń rọ sí i láti ẹnu. Wọ́n á dà á sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní "ó tó." Mo rí i fúnra mi ní kékeré. Ẹ̀tù tí à ń sọ yìí kì í ṣe irú ìyẹn o, aláìléèéfín ni, agbára ẹ̀ ju ti dúdú lọ fíìfíì ní ìwọ̀n kan náà, kò sí "ó tó" níbẹ̀, sìkéèlì ló máa sọ bóyá ó tó. Tí ẹnikẹ́ni nílé bá sì ní kí ẹ bá òun wá ẹ̀tù òyìnbó fún ìbọn ṣakabùlà, ẹ sọ fún un pé ìbọn yẹn máa ya mọ́ ọn lójú. Ẹ ò tiẹ̀ lè gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, àti ẹ̀tù àti práímà, ì báà jẹ́ nínú báàgì ọwọ́ tàbí èyí tí wọ́n ń gbé sísàlẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí práímà torí òun ló rọrùn jù. Ife bàbà kékeré báyìí ni, èròjà inú ẹ̀ máa ń bú tí nǹkan bá gbá a, pín-ìn-nì ìbọn á lù ú, iná á gba ihò ìdí kòròfo kọjá lọ bá ẹ̀tù. Ti ìbọn ìléwọ́ méjì ló wà, kékeré àti ńlá. Kékeré fẹ̀ ní 0.175 ínṣì, ńlá fẹ̀ ní 0.210. Ọta 9mm, .380, .38 Special, .357 Magnum, .40 S&W, gbogbo wọn kékeré ni wọ́n ń lò. .44 Magnum àti .45 Colt ńlá ni. .45 ACP náà ńlá ni, ṣùgbọ́n (ẹ dákẹ́ ẹ gbọ́ ibí yìí) àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń ṣe kòròfo .45 tó jẹ́ pé ojúhò práímà kékeré ni wọ́n lu sí i, tẹ́ ẹ bá sì ṣa kòròfo nílẹ̀ ní range (ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn ṣeré) gbogbo ẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ra. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe mí, mo fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, ó le, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo tẹ̀ ẹ́ sí i, ìgbà tí mo yọ ọ́ práímà ńlá ti rún bí ìdérí mínírà tí mọ́tò gùn. Kò bú, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Látọjọ́ náà, tọ́wọ́ mi bá ti gbọ́ pé ó le ju bó ṣe máa ń le lọ, mo máa dúró wò ó ni. Ẹ wo ìdí kòròfo .45 yín lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Èkejì, ẹ má fi práímà ráífù rọ́pò ti ìbọn ìléwọ́ torí pé wọ́n fẹ̀ bákan náà. Ti ráífù kékeré, ife ẹ̀ le ju, ìbọn ìléwọ́ yín lè má lágbára láti tàn án. Ti ráífù ńlá ga ju ti ìbọn ìléwọ́ ńlá lọ, ó máa yọ orí síta lẹ́yìn kòròfo, práímà tó bá sì yọ síta lè yìn kí ìdí ìbọn tó tì dáadáa. Práímà tó wọlé dáadáa, ẹ fi ìka pa á, ó gbọ́dọ̀ jìn wọlé díẹ̀ báyìí, kó má bá ìdí kòròfo dọ́gba, kó má sì yọ. Èmi ò fi ojú wò ó mọ́, ìka ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìka ò lè parọ́.

Lẹ́yìn náà ni oríṣi práímà méjì, standard àti magnum. Iná magnum gbóná ju, ó sì pẹ́ ju, ẹ̀tù tó ṣòroó tàn ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn kan rò pé tí àwọn bá fi magnum sí i, ọta àwọn á "lágbára." Rárá o, ohun tó máa ṣe ni pé ó máa gbé prẹ́ṣọ̀ inú ìbọn yín sókè láìjẹ́ pé ẹ bèèrè fún un. Èyí tí ìwé data (ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ ìwọ̀n ẹ̀tù sí) bá kọ, òun ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ pààrọ̀ práímà, ì báà jẹ́ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, ẹ padà sí ìwọ̀n ẹ̀tù ìbẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ìwé náà kẹ́ ẹ máa gùn ún bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ńbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń kọ sórí páálí práímà: CCI 500 ni kékeré standard, 550 ni kékeré magnum, 300 ni ńlá standard, 350 ni ńlá magnum. Federal 100 ni kékeré tiwọn, 150 ni ńlá. Winchester ń pe kékeré ní WSP, ńlá ní WLP, WLP yìí wọ́n ní ó wà fún standard àti magnum pọ̀. Èwo ló dáa jù nínú wọn? Gbogbo wọn dáa jàre. Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni líle ife. Ẹnu kan ni àwọn tó ń dì í fi ń sọ ọ́ pé Federal ló rọ̀ jù, CCI sì le díẹ̀. Tí ìbọn yín bá wà bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, ẹ má da ara yín láàmú, èyí tẹ́ ẹ bá rí ẹ rà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dín spring ẹ̀ kù kí trigger lè fẹ́lẹ́, ìgbà yẹn lẹ máa mọ ìyàtọ̀. Mo ní revolver kan tí mo dín spring ẹ̀ kù, mo gbé práímà líle sí i, mẹ́fà nínú ẹ̀, mẹ́rin dún, méjì ń ṣe "kà" lásán. Mo gbé Federal sí i lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹ̀ dún.

Ó kan ẹ̀tù wàyí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí wọ́n fi ń ya ẹ̀tù sọ́tọ̀ ni bó ṣe ń yára jó. Titegroup, Bullseye, Clays, àwọn yẹn yára. HP-38, Unique, Universal, CFE Pistol wà láàárín. HS-6 lọ́ra sí i. 2400 àti H110, àwọn àgbà nìyẹn, ọta magnum ńláńlá ni wọ́n wà fún. Èyí tó yára, ẹ ò ní lò púpọ̀ nínú ẹ̀, páùndì kan á di ọta tó pọ̀, kì í sì í ta yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí orí ọta ò bá wúwo. Èyí tó lọ́ra, ẹ máa lò ó púpọ̀, ó máa ti orí ọta tó wúwo kó sáré, ariwo ẹ̀ pọ̀, iná ẹnu ìbọn ẹ̀ náà pọ̀. Ẹni tó fẹ́ lu ihò sí pépà lásán ní range lọ́jọ́ Sátidé, kí ló fẹ́ fi H110 ṣe? Kó má tiẹ̀ wò ó. H110 yẹn ní ìwà burúkú kan: kì í fẹ́ kí wọ́n dín òun kù. Hodgdon, ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, fúnra wọn kìlọ̀ pé kéèyàn má dín in ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí ohun tó wà nínú data, tó bá kéré jù iná ẹ̀ lè má gbé dáadáa, orí ọta á há sínú agbá ìbọn. Ó sì ń fẹ́ práímà magnum. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé "ṣáà dín gbogbo ẹ̀tù kù, kò léwu," ẹ má dá a lóhùn.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ nínú gbogbo àlàyé yìí ni èyí: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó yan ẹ̀tù tó máa tú àṣírí àṣìṣe ẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àṣìṣe méjì ló ń ba èèyàn jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, kéèyàn gbàgbé láti da ẹ̀tù sí i, àti kéèyàn dà á sí i lẹ́ẹ̀mejì. .38 Special ti wà láti 1898, ayé ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe é sí, ìdí nìyẹn tí kòròfo ẹ̀ fi gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀tù ayé òde òní ò sì kún un. Mo da ẹ̀tù kan tó yára tó sì ki pọ̀ sínú kòròfo .38, ìwọ̀n tó tọ́ gẹ́lẹ́, mo tan iná fóònù sí i, ó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ bí iyọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìgò. Mo tún dà á lẹ́ẹ̀kejì kí n lè mọ bó ṣe máa rí. Ẹ̀yin èèyàn mi, àyè ṣì kù fún orí ọta! Ẹni tí kò bá fojú sílẹ̀ máa tì í pa, á sì kó o dání lọ sí range. Mo dà á nù, mo mú ẹ̀tù tó fúyẹ́ tó fẹ̀, ìwọ̀n kan ṣoṣo ti gòkè dé ibi tójú ti rí i kedere, ìlọ́po méjì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lẹ́nu. Ìyẹn ni mo pè ní ẹ̀tù tó ń tú àṣírí. Owó ẹ̀ lè pọ̀ díẹ̀ torí ẹ máa lò jù, ẹ san án.

Nínú 9mm kòròfo ti kéré, ewu yẹn dín kù, àmọ́ kò tán. Ẹ wo inú data, ẹ wá ẹ̀tù tí ìwọ̀n ẹ̀ bá kòròfo yín kún dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìlọ́po méjì máa tú sílẹ̀.

Ohun kejì tẹ́ ẹ máa wò ni bó ṣe ń ṣàn nínú ẹ̀rọ ìwọ̀n. HP-38 ń ṣàn bíi gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n sẹ́ dáadáa, ẹ fa ọwọ́ ẹ̀rọ ní ìgbà ogún, ìwọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn mu. Unique pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni, ẹ̀tù àtijọ́ tó dáa gan-an, mo fẹ́ràn ẹ̀, kò sí ohun tí ò lè ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń há lọ́nà ọ̀fun ẹ̀rọ, eléyìí á kéré, èyí tó tẹ̀lé e á pọ̀. Òun ló fìyà jẹ mí. Ó há, èmi ò mọ̀, kòròfo kan kọjá láìní ẹ̀tù nínú. Ní range mo yìn ín, dípò "GBÀÀ" ó ṣe "pọ́" bí ìgbà téèyàn ṣí ìgò, ọwọ́ mi ò mì rárá, ìka mi ti fẹ́ fa èkejì tán. Ọkùnrin tó wà ní lane kejì ló pariwo "STOP!" Mo gbé ìbọn kalẹ̀, mo tú u, orí ọta ti wà láàárín agbá, práímà nìkan ló tì í débẹ̀. Ká ní mo fa èkejì ni, mi ò mọ iye ìka tí ǹ bá fi máa tẹ èyí tí ẹ̀ ń kà yìí. Torí náà, ẹ ya ìró tí ọta yín máa ń dún sọ́tọ̀ nínú etí yín, tó bá ti yàtọ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ dúró, ẹ tú u wò.

Orúkọ náà ń tan èèyàn jẹ o. HP-38 àti Winchester 231, Táíwò àti Kẹ́hìndé ni wọ́n, ẹ̀tù kan náà nínú ike méjì. H110 àti W296 bákan náà. Tẹ́ ò bá rí ọ̀kan ẹ ra èkejì, ọkàn yín balẹ̀. Àmọ́ Clays, International Clays àti Universal Clays (Universal tí mo dárúkọ lókè nìyẹn) ńkọ́? Orúkọ bàbá kan ni wọ́n ń jẹ́, ìyára wọn ò jọra rárá, ẹni tó bá lo data ọ̀kan fún èkejì ti dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ ka gbogbo orúkọ tó wà lára ike tán pátápátá, nọ́ńbà àti lẹ́tà, ẹ fi wé ti ìwé data, kẹ́ ẹ tó ṣí i. Data náà, látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù tàbí tó ṣe orí ọta ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ọ̀pọ̀ wọn ló gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí "bọ̀ọ̀dá kan ní range" sọ kì í ṣe data. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ìwọ̀n kankan síbí, ẹ má bínú, orí ọta tiyín lè wúwo ju tèmi lọ, agbá tiyín lè fún ju tèmi lọ.

Rírà á ńkọ́: ẹ má kó o jọ lọ́jọ́ kan. Ẹ ra páùndì kan ṣoṣo nínú ẹ̀tù kan, práímà ọgọ́rùn-ún kan tàbí méjì, ẹ dì í, ẹ yìn ín, ẹ wo bó ṣe rí lọ́wọ́ yín. Páùndì kan jẹ́ 7000 grain, ká fi 5 ṣe ìṣirò lásán (kì í ṣe pé mo ní kẹ́ ẹ da 5 o), ọta 1400 nìyẹn, ó ti tó yín mọ ìwà ẹ̀. Ìgbà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ tó máa ra ike ńlá àti práímà 1000. Tẹ́ ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa gba owó hazmat (owó ẹrù eléwu) lé owó gbígbé ẹ̀, owó yẹn ò kéré, torí náà èmi àti àwọn méjì la máa ń da owó pọ̀ rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá rántí 2020 sí 2022 mọ̀ pé práímà lè wọ́n bí ojú, káńtà gbogbo ṣófo, àwọn kan ń tà á bíi góòlù. Nítorí náà ẹ ní èyí tó máa tó yín lò fún oṣù mélòó kan nílẹ̀, ẹ má sì ṣe wọ̀bìà.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí náà ṣe pàtàkì. Òfin iná tí ọ̀pọ̀ ìlú ń tẹ̀lé ní ẹ̀tù aláìléèéfín 20 páùndì nínú ike tó bá wá àti práímà 10,000 ló lè wà nílé èèyàn, tí ẹ̀tù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 50 ẹ máa nílò àpótí pákó tó nípọn ní ínṣì kan. Ẹ béèrè ti ìlú yín. Ẹ má gbé e sí gáréèjì, mo wà ní Houston, mo mọ ohun tí oòrùn August ń ṣe níbẹ̀. Yàrá tó tutù tó gbẹ, inú ike ẹ̀. Ẹ má tì í mọ́ inú àpótí irin tó dì pa, tí iná bá mú un níbẹ̀ bọ́ǹbù ló dà. Práímà náà, inú páálí àti ìtẹ́ ẹ̀ ni kó wà, ẹ má dà á sínú ìgò bíi ẹ̀pà, torí wọ́n lè bú tẹ̀lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀tù tó ti bàjẹ́, òórùn ẹ̀ máa ń ta nímú kíkan, eruku pupa máa ń hàn lára ẹ̀, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má lò ó mọ́.

Lórí tábìlì, ike ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ wà nígbà kan. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ da èyí tó kù nínú ẹ̀rọ padà sínú ike ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí tó bá di ọ̀la ẹ ò ní rántí èwo ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀tù aláìléèéfín ló dúdú roboroto tó jọra wọn. Ẹ wọ jígí ojú. Ẹ fọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn ẹ̀, òjé wà nínú práímà, kò sì sí jíjẹ ẹ̀pà tàbí bọ̀ọ̀lì lórí tábìlì yẹn. Ìyàwó mi ti lé sìkéèlì mi kúrò ní kíṣìnì tipẹ́, ó sì tọ̀nà, sìkéèlì ìyẹ̀fun ẹ̀ ò tiẹ̀ lè ka ìdá mẹ́wàá grain.

Àbúrò mi yẹn, 9mm ni ìbọn ẹ̀ padà jẹ́, orí ọta ẹ̀ 124 grain. HP-38 páùndì kan ló rà, práímà kékeré standard 200. Mo ní kó mú bébà lé ara páálí kọ̀ọ̀kan tó bá dì, kó kọ ẹ̀tù, ìwọ̀n, práímà, orí ọta, nọ́ńbà lot (nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fi ń mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é) àti ọjọ́ tó dì í. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ náà?" Mo ní gbogbo ẹ̀ náà. Ó fi fọ́tò páálí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi lánàá, àádọ́ta péré, ó ti kọ gbogbo ẹ̀, ọjọ́ nìkan ló gbàgbé.